Gbọ́mọgbọ́mọ Tó Ronúpìwàdà ní Pálọ̀ Màmá

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ta sílẹ̀ nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n láyé ológun, tòmátò inú agolo ni. Ẹni tó sọ fún mi mọ̀ ọ́n dájú, torí òṣèré ni, ilé kan náà la sì jọ háyà ní Dópẹ́mù. Ó ní nígbà tí SAP dé, tí tòmátò agolo di oúnjẹ ọlọ́rọ̀, zóbò ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rántí pé ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣèré ṣàdédé di omi láwọn ọdún yẹn, ẹ ti wá mọ ìdí rẹ̀.

Arákùnrin yìí, gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n fi í ṣe nínú eré ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Á gbé àpò kọ́ èjìká, á máa rẹ́rìn-ín burúkú. Nílé, adìyẹ ló ń sá fún! Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Bó bá ti ń wọlé báyìí, àwọn ìyá á ti máa ké pe ọmọ wọn. Ìyá onílé wa, ìyá aládúrà tí ṣùtánà funfun kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ló wá gba eré náà gbọ́ jù.

Oyún ìyàwó arákùnrin yìí ti tó bíbí lọ́jọ́ tí Màmá pè é.

"Mi ò lè fi gbọ́mọgbọ́mọ sínú ilé tí mo fi àdúrà kọ́. Tí n kò bá fojú ara mi rí i pé o ronúpìwàdà nínú tẹlifíṣọ̀n yẹn, kó ẹrù ẹ kí oṣù yìí tó parí."

"Eré ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́."

"Eré wo? Ṣé ojú ẹ kọ́ ni mo rí ni?"

Ẹ̀rù bà á, ló bá ní, "Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, Màmá. Ẹ máa rí i."

Inú bí mi sí Màmá, mi ò ní parọ́. Yàrá wo lèèyàn fẹ́ sáré rí nígbà yẹn, pẹ̀lú oyún? Ìyàwó rẹ̀ ti ń di ẹrù sínú àpò Ghana-must-go díẹ̀díẹ̀.

Sọ́ńdè pé. Gbogbo ilé kún pálọ̀ Màmá, torí òun nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n. Arákùnrin wa jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó ń làágùn. Gbọ́mọgbọ́mọ yọ lóòótọ́, ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń yọ́ lọ bá ọmọ méjì kan tó ń ṣeré. Gbàà! Iná lọ. Gbogbo àdúgbò pariwo.

Wọ́n tan àtùpà. Màmá yíjú sí i. "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ó dìde. Ó sọ àpò tí kò sí léjìká rẹ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ọmọ náà, ó ń bẹ ìyá wọn, ó ń bẹ Ọlọ́run. Omijé ń dà pòròpòrò, omijé gidi o, kì í ṣe zóbò. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Èmi tí mo mọ̀ pé eré ni, mo fi ìborùn nujú. Màmá gbé agogo àdúrà rẹ̀, ó lù ú: "Halelúyà!"

Lọ́jọ́ kejì, níbi tá a ti ń jẹun ọ̀sán nílé iṣẹ́ ọṣẹ wa ní Òrẹ̀gún, obìnrin kan tó ń gbé Onígbòǹgbò, níbi tí iná ò ti lọ, pàtẹ́wọ́: "Ẹ ẹ̀ rí oníṣẹ́ ibi yẹn? Ó kó àwọn ọmọ méjèèjì lọ! Ó tún wá ń rẹ́rìn-ín!" Mo pa abọ́ ẹ̀wà mi dé.

Mo délé, Màmá ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Àwọn tó níná níbi iṣẹ́ yín, kí ni wọ́n rí?"

Mo wo fèrèsé. Ìyàwó arákùnrin náà dúró níbẹ̀, ó fọwọ́ lé ikùn, ó ń wò mí.

Mo ní, "Ó ronúpìwàdà, Màmá. Ó tiẹ̀ sunkún ju ti pálọ̀ yín lọ."

Màmá rẹ́rìn-ín títí ṣùtánà fi ń mì. "Òpùrọ́! Láti àárọ̀ làwọn ará Akọ́wọ́njọ ti wá sọ fún mi pé ó kó wọn lọ. Èyí tó ṣe lójú mi ni mo gbà. Lọ sọ fún ìyàwó ẹ̀ kó tú ẹrù yẹn, kó má lọ bí ọmọ mi sórí àpò."