Ohùn Ìyá Tí Mo Pa Rẹ́

Òórùn òjé tó ń yọ́ pọ̀ mọ́ ti epo pupa tí wọ́n ń sè lẹ́yìn ìsọ̀ tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Adja-Ouèrè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi, títí dòní bí mo bá gbọ́ méjèèjì pọ̀, inú mi á bàjẹ́. Obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù láti Ikpinlè, aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Fóònù rẹ̀ á tàn, á kú, á tún tàn.

"Ẹ bá mi jí pọ́tábù yìí, pàtíróòn." Pàtíróòn ni wọ́n ń pe ọ̀gá lọ́dọ̀ wa.

Ó yẹ kí n bi í ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, kò bójú mu kéèyàn máa da ìbéèrè bo ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Wàá kí i, wàá dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà láti gbé ètò tuntun sínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Mo pààrọ̀ wáyà, ó tún kọ̀. Mo wá fáìlì mìíràn, ó dé ìdajì, ìlà pupa yọ. Inú ti ń bí mi, èmi tí wọ́n ń gbé fóònù wá bá láti Kpoulou! Ni mo bá yan èyí tó ń nu gbogbo inú fóònù kí ètò tó wọlé. Ó ṣiṣẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gbà á, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń wá nǹkan, ẹ̀rín náà sì ń kú díẹ̀díẹ̀.

"Ohùn màmá mi dà?"

Ìyá rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ló ki oríkì ilé wọn sínú fóònù náà, torí òun nìkan ló mọ̀ ọ́n délẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa sọ ọmọ àbúrò obìnrin náà lórúkọ. Ohùn yẹn ni wọ́n fẹ́ fi kí ọmọ náà káàbọ̀. Mo wá a títí, asán ni. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ dìde," ló wí. Kò bú mi, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní kí n tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì náà fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ní ìlà kẹrin, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ibi kan náà ló dúró sí. Àwa méjèèjì ń wo fóònù tó ń gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa sílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, mi ò fọwọ́ kan fóònù ẹnikẹ́ni, ọlọ́fọ̀ tàbí aláyọ̀, láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń wò mí bí aláìlẹ́kọ̀ọ́, mo gbà. Ọmọ yẹn ti ń rìn báyìí. Ìlà mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń kì í.