Pèpéle fún Ẹni Tó Gun Kẹ̀kẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, nítorí ọmọ ìsinsìnyí tó bá gbọ́ pé ènìyàn ń ti Ìkẹ́nnẹ́ lọ sí Ṣàgámù, ariwo mọ́tò ni yóò máa rò. Ìgbà tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Gbogbo ọkọ̀ ńláńlá tó máa ń gba àárín ìlú wa kọjá ló sá lọ síbẹ̀, bí ìgbà tí ìyàwó tuntun wọlé tí ẹnikẹ́ni kò wo ojú ìyálé mọ́. Àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì kó ẹrù wọn, wọ́n lọ bá èrò ní Ògèrè. Ọ̀nà àtijọ́ wá dákẹ́. Koríko ń yọ létí ọ̀dà, ewúrẹ́ ń sùn láàárín títì. Àwa tí a ní kẹ̀kẹ́ ni inú wa dùn sí i.

Tíṣà ni mí nígbà náà. Ẹnì kejì mi nínú ìrìn yìí ni ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù ní ìjọ wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó. Ní àárọ̀ Sátidé, kí ìrì tó gbẹ, a ó gbé kẹ̀kẹ́ wa jáde. A kò lọ rajà, a kò lọ sóko. A kàn ń lọ ni.

Ìyá kan tó máa ń gbálẹ̀ lójúde ilé rẹ̀ kì í jẹ́ ká kọjá láìbéèrè.

"Ibo lẹ tún ń lọ?"

"A ń lọ wo bí ilẹ̀ ṣe rí, mà."

"Ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Òun náà ni, mà."

"Ẹ bá mi kí i."

A ó yà kúrò lórí ọ̀dà, a ó bọ́ sí ọ̀nà oko, ọ̀nà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tí igi obì bò lọ́tùn-ún lósì tí oòrùn kò fi ráyè wọlé. Ibẹ̀ tutù bí inú àmù. Ìró ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ wa nìkan lẹ óò máa gbọ́, àti ti ẹ̀gbọ́n tó ń fi imú kọ orin tí ìjọ yóò kọ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ìrìn tí mọ́tò ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ rìn, àwa a máa fi gbogbo òwúrọ̀ rìn ín. Kì í ṣe òkè ló ń dá wa dúró o, àgbà ni. Nílẹ̀ wa, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ga ju ẹni tó jókòó lójúde. Bí o bá rí àgbà, wàá sọ̀kalẹ̀, wàá fi kẹ̀kẹ́ ti igi, wàá dọ̀bálẹ̀, wàá béèrè ará ilé àti iṣẹ́ oko, kí o tó tún gùn. Ẹni tó bá jókòó lórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà, ó sàn kó má kí i rárá. Gbogbo abúlé tó wà lọ́nà ló sì ní àgbà. A kì í kánjú, nítorí náà kò dùn wá.

Ìgbà tó yá ni oríkèé ìbàdí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ohun tó wá ṣe é ní kàyéfì ni pé ó lè wa kẹ̀kẹ́ dáadáa. Ó tún lè dọ́gbọ́n sọ̀, yóò rọra tẹ kẹ̀kẹ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò yọ ara kúrò. Ṣùgbọ́n kó gbé ẹsẹ̀ kọjá ọ̀pá àárín kó tún gùn ún láti orí ilẹ̀, ìyẹn ni kò ṣeé ṣe mọ́. Nílé, orí àtẹ̀gùn ló ti ń gùn ún. Lójú ọ̀nà, èmi ni mo máa ń di kẹ̀kẹ́ mú, tí yóò máa làágùn, tí àwọn ọmọ abúlé yóò sì pé jọ máa wòran.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra kẹ̀kẹ́ obìnrin, èyí tí kò ní ọ̀pá láàárín," ni mo wí.

"Kí n wé gèlè sí i?"

"Ẹ jẹ́ ká máa kọjá nígbà náà. Ẹ ó máa juwọ́ sí wọn. Wọ́n mọ̀ pé ara yín kò le."

"Àbúrò, bí mo bá lè gun kẹ̀kẹ́ tí n kò lè sọ̀ kí àgbà, kí n kúkú fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi tó di olóògbé ní ẹ̀gbọ́n kan ní Ṣàgámù, ọmọ rẹ̀ ń wá kẹ̀kẹ́. Mo ti ní kó wá gbé e lọ́jọ́ Ajé."

N kò lè sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ ohun tí Sátidé jẹ́ fún un. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, òun àti ògiri ilé ni.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a jáde lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjọ́ Ajé tó pé, ká gba ọ̀nà tí kò sí àgbà kankan. Ahoro kan wà ní ìhà Simawa, ibi tí ìlú kan wà rí kí ogun tó lé wọn, tí wọ́n kó lọ bá àwọn ìlú yòókù tó para pọ̀ di Ṣàgámù. "Ẹyẹ nìkan ló wà níbẹ̀," ni mo wí. "Bí ọ̀nà yìí bá dára, ẹ ó máa gùn ún láìsọ̀ fún ẹnikẹ́ni." Ó ní ó dáa, ká dán an wò.

A lọ. Ìgbà obì ni, èso ti pọ́n lórí igi. Nígbà tí a dé ahoro, mo rí pèrègún tó tò lọ bí ọgbà, mo rí igi odán ńlá tí wọ́n ti ń ná ọjà lábẹ́ rẹ̀ rí, mo rí àlàpà, ògiri amọ̀ tí òjò ti yọ́ tó kù dé orúnkún. Iwájú ni mo wà, inú mi ń dùn sí ọgbọ́n mi. Ni mo bá gbọ́ bíréèkì lẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀kalẹ̀. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé táyà jò ni?"

"Rárá."

"Kí lẹ wá sọ̀ fún? Kò kúkú sí ẹnikẹ́ni."

"Ta ló gbin pèrègún yìí?"

Mo tún wo pèrègún náà.

"Àwọn tó wà níbí dàgbà ju gbogbo ẹni tí a ti ń kí láti ọjọ́ yìí. Tíṣà ni ọ́, ìwọ ṣírò rẹ̀."

Bí èmi ọmọ Rẹ́mọ ṣe wá rò pé ahoro ni kò ti ní sí àgbà, n kò mọ̀ títí dòní.

Ó kí wọn tán, ó fẹ́ gùn, kò ṣeé ṣe. Mo di kẹ̀kẹ́ mú, mo tẹ̀ ẹ́ dà, mo fi ẹ̀yìn mi ṣe àtẹ̀gùn, òfo ni. Ó lọ jókòó sórí gbòǹgbò odán. "Ó tó," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò ga. "A ti gbádùn ara wa."

Ibẹ̀ la wà tí ìyá arúgbó kan yọ láti inú oko, agbọ̀n obì lórí, àdá lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó tẹ̀ ba débi tí ìbàdí rẹ̀ gbà fún un. Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ni ìyá náà ń sọ, èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá ilé ìwé níbí.

"Kí lẹ̀ ń wá nínú ilé bàbá mi?"

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù." Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n. "Gbé kẹ̀kẹ́ náà sún mọ́ àlàpà yẹn. Gun àlàpà, kí o ti orí rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́."

"Ìyá, ògiri àwọn baba yín ni. N kò jẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́."

"Ibí ni wọ́n ti bí bàbá mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń gùn wá sóko nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò sọ pé mo wúwo. Bọ́ bàtà bí ojú bá ń tì ọ́."

Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà. Ó gun àlàpà, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá, ó jókòó. Bí ẹni tó jókòó sórí àga.

"Ìyá, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n bí a bá bá yín gbé ẹrù dé abúlé yín, àwọn àgbà á wà lójúde."

"Sáà máa bọ̀."

Mo gbé agbọ̀n rẹ̀ sórí káríà mi, mo ń ti kẹ̀kẹ́. Ìyá ń rìn, ẹ̀gbọ́n rọra ń gun tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojúde ilé ìyá náà ní pèpéle amọ̀ gíga, bàbá àgbà kan tó jẹ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá ní kí ẹ̀gbọ́n wa kẹ̀kẹ́ dé etí pèpéle, kó fi ẹsẹ̀ kan lé e, kó kí wọn.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá náà gbójú sókè.

"Ta lẹni tó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ tó ń kí mi yìí?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?" ni ìyá bi í.

"Ó wà lórí pèpéle."

"Ṣé ara ilé ni pèpéle, àbí ara kẹ̀kẹ́?"

"Ara ilé ni."

"Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilé ti sọ̀."

Bàbá ronú sí i. "Ìdí rẹ̀ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Ta ní ń fi ìdí kí ènìyàn?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ó ṣí fìlà, kí ó sì tẹríba dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà, ó tẹríba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ìyá mú obì nínú agbọ̀n, ó fún un. Ẹni tí wọ́n bá fún lóbì, wọ́n ti gba ìkíni rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ Ṣàgámù dé lọ́jọ́ Ajé, ó bá ẹ̀gbọ́n lórí kẹ̀kẹ́ níwájú ilé, ẹsẹ̀ kan lórí àtẹ̀gùn, tó ń kí ìyá tó ń gbálẹ̀.

"Ẹ ní kí n wá gbé kẹ̀kẹ́, sà."

"Jókòó, jẹun," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Kẹ̀kẹ́ ti níṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Ibi tí pèpéle wà, pèpéle ni. Ibi tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì tún ilé kọ tí kò sí pèpéle mọ́, a óò débẹ̀ lọ́jọ́ kan, a óò rí i pé ẹnì kan ti yí ìtì igi sẹ́bàá ọ̀nà, tàbí kó mọ amọ̀ jọ. Ọ̀pọ̀ ọdún la tún fi gun kẹ̀kẹ́ kiri bẹ́ẹ̀.

Tí a bá sì dé ahoro, a kì í kàn kọjá. Ẹ̀gbọ́n yóò wa kẹ̀kẹ́ sún mọ́ àlàpà, yóò bọ́ bàtà kan, yóò so ó mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, yóò fi ẹsẹ̀ lásán lé ògiri náà, yóò ṣí fìlà. Èmi yóò dúró lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, títí yóò fi kí wọn tán.