Igba Ebè fún Àna Ẹlòmíràn

Ní ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, níbi tí Alájì Yísà ti ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, bí àpò kan bá kúrò nílẹ̀, àpò mìíràn ni yóò dí àyè rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní eku nìkan ló ń jèrè àyè tó ṣófo. Bó ṣe ń ṣe ṣọ́ọ̀bù náà ló ń ṣe ilé. Nígbà tí fásitì wá mú Hamzah, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, tí wọ́n ní kó lọ kàwé ọdún kan ní ilẹ̀ Pọ́túgà, tí wọ́n sì ní akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ọ̀hún yóò wá máa gbé yàrá rẹ̀, Alájì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú, ó ní ó yé òun. Ẹnì kan lọ, ẹnì kan dé. Kò sí ohun tó dín.

Tiago lorúkọ ẹni tó dé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ọ̀gbìn ló ń kọ́, àmọ́ kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí. Inú ife kékeré ní yàrá ìwádìí ni gbogbo ilẹ̀ tó mọ̀ máa ń wà. Ó ti kọ́ Yorùbá díẹ̀ lórí fóònù kó tó wọ bàálù. Ibi tí Yorùbá bá ti tán, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Alájì kó iṣẹ́ Hamzah lé e lọ́wọ́. Òun ni yóò máa tan jẹnẹrétọ̀. Òun ni yóò máa bomi sí kẹ́tù àlùwàlá. Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, òun ni yóò lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Hàlímọ̀tù, ìyá Hamzah, ní Post Office. Hamzah kì í jẹ ilá, nítorí náà, nígbà tí Tiago tọrọ ilá, Hàlímọ̀tù wò ó pẹ̀lú àánú.

"Inú rẹ kò gbà á, ọmọ mi. O ti gbàgbé ni?"

Hamzah kì í sì í kí onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé wọn, láti ọjọ́ tí ìyẹn ti ba irun rẹ̀ jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ Iléyá. Alájì kìlọ̀ fún Tiago pé òun náà kò gbọdọ̀ kí i. Ohun tó wá ya Tiago lẹ́nu ni pé bí onígbàjámọ̀ ṣe rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó pòṣé, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá," Tiago bi Alájì lálẹ́ ọjọ́ náà, "ṣé gbogbo èyí wà nínú ètò fásitì?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ojú ewé wo?"

"Ẹ̀yìn ewé."

Tiago kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ràn, ìyẹn ò ṣeé jiyàn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Alájì lọ́kàn. Kí Hamzah tó wọ bàálù, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣọ́ Hamidat o." Hamidat ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́, olùkọ́ ni ní abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin. Àgbẹ̀ oníṣu ni Bàbá Àríyọ̀ tó bí i, Hamzah kò sì tíì ṣe ọ̀wẹ̀ àna, ìyẹn iṣẹ́ oko tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń lọ ṣe fún bàbá ìyàwó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Bàbá Àríyọ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà níwájú ṣọ́ọ̀bù Alájì.

"Àna mi, mi ò ní jókòó. Òjò ti fẹ́ dá. Ilẹ̀ tó bá le kò ní rọ̀ nítorí ẹni tó wà lókè òkun. Ọkùnrin kan tó ń ta sólà ní Challenge ti wá kí mi lẹ́ẹ̀mẹta nítorí Hamidat, ó ní òun ṣe tán láti kọ ebè. Igba ebè ni ti ilé wa. Bí mi ò bá rí i títí ọ̀la, kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ẹ má bínú sí mi."

"Màá gba alágbàṣe mẹ́fà lálẹ́ yìí."

"Alágbàṣe kẹ̀? Ṣé alágbàṣe ló fẹ́ fẹ́ ẹ ni? Àwọn ọ̀rẹ́ lè bá a kọ ọ́, àmọ́ ìlà ọkọ ìyàwó, ọmọ ilé yín ni yóò kọ ọ́."

Alájì na ìka sí Tiago, tó ń wọn ẹ̀wà sínú múdù.

"Ọmọ ilé wa nìyẹn. Òun ni wọ́n fi dípò Hamzah. Fásitì méjì ló fọwọ́ sí i."

Bàbá Àríyọ̀ wo Tiago láti orí dé ẹsẹ̀. "Ibo ni Hamzah wà lára eléyìí?"

"Àna mi, nígbà tí ẹsẹ̀ ìyá yín kò gbé wọn dé Mẹ́kà mọ́, ṣebí ẹlòmíràn ló bá wọn ṣe hájì bádálì? Wọn ò kúrò nílé, làádá sì jẹ́ tiwọn. Bí èèyàn bá lè dúró fún èèyàn níwájú Ọlọ́run, kí ni ti ebè?"

Bàbá Àríyọ̀ yọ fìlà, ó họrí. "Ẹ jẹ́ ká lọ bi Àfáà."

Àfáà Wàhábì jókòó sórí ẹní níwájú ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Ó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì délẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ ń mì.

"Ẹ̀yin lẹ fi ebè wé hájì, kì í ṣèmi. Bẹ́ ẹ bá sì ti fi wé e, ẹ gba gbogbo òfin rẹ̀. Ẹni tí yóò ṣe hájì fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ti ṣe tirẹ̀ ná. Ṣé ọmọ yìí ti ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna tirẹ̀?"

Alájì kò ro ti èyí. Ó yíjú sí Tiago. "Ǹjẹ́ o ní àna?"

Tiago ronú. Ó ní ọ̀rẹ́bìnrin kan wà tó ń jẹ́ Inês. Bàbá rẹ̀ ní oko èso àjàrà, òun sì bá a ká a fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́dún tó kọjá.

"Kí ni wọ́n fi àjàrà náà ṣe?" Bàbá Àríyọ̀ bèèrè.

"A ò bi í ní ìyẹn," ni Àfáà wí kíákíá. "Ẹlẹ́rìí là ń wá."

Ni Tiago bá pe bàbá Inês lórí fóònù. Ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá kan yọjú, ajá kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alájì gbé fóònù náà dání bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀. Tiago bá wọn bèèrè bóyá òun ṣiṣẹ́ náà lóòótọ́. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó ju ọwọ́ sókè, etí Tiago pọ́n bí ata.

"Ó ní mo ṣe é."

"Gbogbo atótónu yẹn?" Alájì ní. "Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Ó ní mo ṣẹ́ àkàsọ̀ kan. Ó ní èyí tí mo jẹ pọ̀ ju èyí tí mo ká lọ."

Bàbá Àríyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó lu itan. "Àna ni lóòótọ́! Ta ló tún ń ka oúnjẹ sí èèyàn lọ́rùn bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀rí ti pé," ni Àfáà wí. "Ẹ máa lọ sóko."

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ Hamzah mẹ́rin ti dé oko kí oòrùn tó yọ. Ogójì ebè ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, Tiago sì di ìlà ọkọ ìyàwó mú. Ṣùgbọ́n kó tó gbé ọkọ́, ó bu ilẹ̀ sínú ife, ó da omi sí i, ó ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀ wò bọ̀ ọ́, ó sì ń dúró.

"Ilẹ̀ yìí kan díẹ̀, Bàbá."

"Ilẹ̀ mi kan?" Bàbá Àríyọ̀ kígbe. "Ṣé o fẹ́ fi í jẹ ẹ̀kọ ni?"

Lẹ́yìn náà ló ta okùn. Ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ síbi tí ebè kọ̀ọ̀kan yóò wà, ó sì ń wọn àárín wọn. Nígbà tí yóò fi kọ ebè àkọ́kọ́, àwọn yòókù ti kọ mẹ́jọ mẹ́jọ. Ebè náà gùn gbọọrọ.

"Hamzah Òyìnbó, ta lo sin síbẹ̀?" ọ̀kan nínú wọn pariwo.

"Okùn rẹ̀ ni," òmíràn dá a lóhùn.

Ó tú u, ó tún un kọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò. Hamidat fi aṣọ di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì fún un lómi. Abẹ́ igi ẹmi ni Alájì jókòó sí, ó ń fi tẹ̀sùbáà ka ebè. Gbogbo ìgbà tó bá kà á, kò tíì pé, àmọ́ kò yé kà á.

Àwọn mẹ́rin parí tiwọn. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìlà ọkọ ìyàwó, nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó kọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Bó ṣe gbé ọkọ́ sókè fún ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, wọ́n pe ìrun Àsárì láti mọ́ṣáláṣí abúlé.

Bàbá Àríyọ̀ rìn gba àárín ìlà náà kọjá. Ó fẹsẹ̀ ti ebè kan, kò ya. Ó ti òmíràn.

"Iṣẹ́ dára," ó ní. "Àmọ́ igba ni mo wí, igba ó dín méjìlá ni mo rí."

Alájì tún fi tẹ̀sùbáà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Tiago kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó tún gbé ọkọ́, ó bọ́ sídìí èèkàn tó kàn.

"Fi í sílẹ̀!" Hamidat ti gba ọkọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ku méjìlá péré," ni Tiago wí.

"Mo mọ̀ ọ́n kà." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ gba ti bádálì, ó ti gbìyànjú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí méjìlá yìí wà nílẹ̀. Bí eléyìí bá kọ ọ́ tán, tó tan jẹnẹrétọ̀, tó gba oògùn, tó bá onígbàjámọ̀ yan odì, kí ni Hamzah fẹ́ padà wá ṣe? Èmi fẹ́ rí òógùn tirẹ̀."

"Òjò ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn o," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀."

"Wàá dúró?"

"Màá dúró."

Alájì Yísà wo ibi méjìlá tó ṣì tẹ́jú, èèkàn kọ̀ọ̀kan láàárín wọn. Ó la ẹnu láti sọ pé ó ṣì lè parí kí ilẹ̀ tó ṣú, ó wo ojú Hamidat, ó pa ẹnu dé.

Bàbá Àríyọ̀ ti yọ fóònù lápò. Ó gbé e jìnnà sí ojú, ó wá nọ́ńbà, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé oní-sólà nìyẹn? Má wulẹ̀ wá mọ́, ọmọ mi. Rárá, kò tíì pé. Ó ku méjìlá." Ó gbọ́ èsì díẹ̀, ó mi orí. "Má ṣèyọnu, má gbé ọkọ́ kankan bọ̀. Wọ́n ti ní ẹni tó ni wọ́n."