Ẹgbàárùn-ún Lé Méje

Ní ọjọ́ kẹjọ tí ìyá màmá mi kú, ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin kó wa jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Àrẹ̀mọ. Ogún ni wá. Ẹgbàárùn-ún ìgbà ló ní a ó ṣe "Láìláhà illallọ̀h" fún olóògbé, ó sì fi méje lé e fún àlùbáríkà. Kó tó pín in, ó ti ròyìn iye náà káàkiri dé àdúgbò Bẹẹrẹ.

Nílé wa, ìpín gbọ́dọ̀ dọ́gba. Eegun ẹran iléyá kan ti fa ìjà rí.

Ó tẹ ìṣirò lórí fóònù rẹ̀ títí, ó wá kọjú sí mi. "Ìwọ tó ka ìṣirò ní yunifásítì, pín in."

"Kò ṣeé pín, Bàbá."

"Fún ogún?"

"Fún iyekíye. Àfi kí ẹnì kan ṣe gbogbo rẹ̀, tàbí kí ẹgbàárùn-ún èèyàn ó lé méje ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan."

Àbúrò màmá mi obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ kó gbogbo Ọjà'ba wá nù un!"

Láti àná tí mo ti gbọ́ iye náà ni mo ti dán an wò lórí ìwé. Mo fi méjì pín in, mo fi mẹ́ta, títí dé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún; kò pín. Mi ò nílò láti kọjá ibẹ̀: bí a bá sọ iye méjì di púpọ̀ láti rí i, ọ̀kan nínú wọn ò lè ju ọgọ́rùn-ún lọ. Mo lè ti sọ fún un ní kọ̀rọ̀ láàárọ̀. Mi ò sọ. Bóyá mo fẹ́ kó tẹ́; mi ò lè búra pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Ẹ yọ méje kúrò. Yóò kan kálukú ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta."

"Kí ará Bẹẹrẹ gbọ́ pé mo yọ méje nínú ti ìyá mi? Ìwọ lo ń dí i lọ́wọ́. Dìde! Tí a bá ku mọ́kàndínlógún, á pín."

"Kò ní pín."

"Mo ní dìde!"

Màmá mi ń wo ilẹ̀. Ọwọ́ màmá àgbà ni mo ti dàgbà. Mo lè dá àdúrà ṣe nínú yàrá, ṣùgbọ́n àárín àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí. Mo jáde síta.

Láti ẹ̀yìn fèrèsé, mo gbọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tẹ̀súbà ń dún. Nígbà tó yá, ohùn gbogbo wọn dákẹ́, àyàfi ti ẹ̀gbọ́n màmá mi. Mo ka tirẹ̀ tó ṣẹ́kù: mẹ́tàlá.

Ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé o rí i? Ó pín."

"Kò pín, Bàbá. Ẹ kó mẹ́tàlá fún ara yín."

"Ìyá mi ni!"

"Ìyá tèmi náà ni."

Títí di òní, mo ń kúnlẹ̀ kí i bí a bá pàdé, mi ò sì bá a sọ nǹkan mìíràn.