Ọṣẹ Hó, Mi Ò Tọ́ Omi Wò

Omi kànga ilé òyìnbó oníṣòwò gẹdú tó wà lọ́nà Ìbíadé le gan-an. Ẹ lè fi odindi ọṣẹ kan fọ ẹyọ ṣẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀ kó má hó, ìdí kẹ́túlù á sì dì funfun bí ẹfun. Òyìnbó náà bá gbé àgbá irin kan wá sẹ́yìn ilé ìdáná, pé kí omi máa gba inú rẹ̀ kọjá kó lè rọ̀. Bàbá mi ló ń ṣọ́ ilé náà. Ìjẹ̀bú-Igbó la ti wá, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn la sì ń gbé.

Èmi nìkan ni mo mọ̀wé nínú wa, ìwé mẹ́fà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi kọ́ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni òyìnbó wá fi àgbá náà lé lọ́wọ́. Gbogbo Sátidé ni kí n da iyọ̀ sí i, torí iyọ̀ ló ń fún un lágbára, kí n wá jẹ́ kí omi máa dà nù títí iyọ̀ á fi ṣàn jáde tán. Kí n tó sọ pé ó ti dáa, kí n bu omi sínú ìgò, kí n fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí n mì í. Bó bá hó, omi ti rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n tọ́ ọ wò. Bí mo bá gbọ́ iyọ̀ lẹ́nu, kí n jẹ́ kó tún máa dà.

Èmi wo? Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, olóríkunkun, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí òun wá jókòó ti ẹ̀rọ omi! Inú ń bí mi. Mo máa ń mi ìgò, ọṣẹ á hó yàà, màá ti ẹnu ẹ̀rọ pa, ó parí. Ìyá mi ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo gbọ́, mo ń ṣe tèmi lọ.

Ọdún tí òyìnbó lọ sílé fún ìsinmi ni ẹsẹ̀ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú dé orúnkún, ó dé ojú. Dókítà ní kí wọ́n má fi iyọ̀ kan ẹnu mọ́, pé iyọ̀ á pa wọ́n. Ìyá mi yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ gbogbo wa, kí ọkọ wọn má bàa dá ìyà jẹ. Èmi náà fẹ́ ṣe tèmi. Omi inú àgbá ni mo ń bù fún bàbá mi, torí kò yẹ kí aláìsàn máa mu omi líle.

Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń bèèrè sí i. Wọ́n á mu tán, wọ́n á ní Alihamudulilahi.

"Ọmọ mi, oúnjẹ ò dùn mọ́. Omi tìẹ yìí nìkan ló ń dùn lẹ́nu mi."

Orí mi wú. Ẹsẹ̀ bàbá mi náà ń wú.

Omi òjò ni ìyá mi fi ń dáná, wọn ò fọkàn tán omi inú irin. Ọjọ́ tí omi òjò tán, wọ́n fi omi àgbá po ẹ̀kọ fún bàbá mi. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n bi mí pé ta ló fi iyọ̀ sí ẹ̀kọ. Ta ní í fi iyọ̀ sí ẹ̀kọ? Mo lọ sídìí àgbá, mo gbọ́n omi, mo tọ́ ọ wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Dókítà sọ lẹ́yìn ikú bàbá mi pé kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ tipẹ́, pé kì í ṣe omi ló pa wọ́n. Ìyá mi ò bú mi títí àwọn náà fi kú. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Láti ọjọ́ ẹ̀kọ yẹn, omi odò tí a sè ni mò ń gbé fún bàbá mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n mu ẹnu kan, wọ́n gbé ife padà fún mi.

"Omi tìẹ yẹn dà?"

Mo ní ó ti tán. Wọ́n ní kò burú, àwọn á dúró dìgbà tí mo bá tún ṣe òmíràn.