Ẹ̀rọ Tí Akíndé Kò Rí Kó Ṣiṣẹ́

Akíndé ni orúkọ bàbá mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, ní Odomèta. Ó ń ṣe ilẹ̀kùn, ó ń ṣe àga, ṣùgbọ́n pósí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá kú, kì í gbé okùn lọ wọ̀n ọ́n. Ó ní kò yẹ ọmọlúàbí. Á kàn jókòó ti ẹbí olóògbé, á béèrè ta ni nínú wọn ló ga tó òkú náà, á wá fi ojú wọ̀n ẹni yẹn. Nítorí náà, bó bá tẹjú mọ́ èèyàn lọ́jà, wọn á ní, "Akíndé, gbójú kúrò lára mi, mi ò tíì ṣe tán."

Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú. Ìfági ọwọ́ ló pa á. Ìgbà tí kò lè na apá mọ́ ló lọ sí Kútọnu, ló ra ẹ̀rọ àlòkù kan tó ti ìlú òyìnbó wá. Ẹ̀rọ náà jù mí lọ́jọ́ orí. Òun kan náà ló ń rẹ́ igi, ló ń fá igi, ló ń lu ihò. Mọ́tọ̀ kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́líìtì aláwọ kan, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ló ń gbé agbára mọ́tọ̀ lọ síbi abẹ tí o bá fẹ́ lò.

Irin tó bá jẹ́ tuntun sí ilé kì í wọlé lásán lọ́dọ̀ wa. Bàbá Barnabé, àbúrò bàbá mi, da epo pupa sí i. Désiré tó ń tún alùpùpù ṣe da tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun ládùúgbò ló da tirẹ̀, onígbàjámọ̀ pàápàá. Epo ṣàn wọ inú rẹ̀ lọ.

Bàbá tan án. Mọ́tọ̀ ké. A ti pákó sí i, abẹ dúró. Bàbá pa á. Ó ní, "Ògún ò tíì yó." Ó tún da epo. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ó ní iná Odomèta ni kò lágbára. Ó ní òkú irin ni wọ́n tà fún òun. Síbẹ̀, láràárọ̀ ló ń da epo. Á jókòó níwájú rẹ̀, á máa wúkọ́. Nígbà ọyẹ́, ikọ́ náà mú un lọ.

Lọ́dọ̀ wa, gbẹ́nàgbẹ́nà kì í kan pósí ara rẹ̀, ọmọ rẹ̀ kì í sì í rà á; ọmọ ló ń kàn án. Bàbá ní pákó igi apá kan tó tò sábẹ́ ibùsùn. Kò sọ ohun tó wà fún. Gbogbo wa mọ̀. Ṣùgbọ́n igi apá le. Bí mo bá ní kí n fi ọwọ́ fá a, ọ̀sẹ̀ á yí po. Ọ̀la sì ni ìsìnkú.

Bàbá Barnabé ní, "Bí oòrùn bá wọ̀ tí pákó wọ̀nyí ò dán, màá lọ gbé pósí kan wá láti Kétu."

"Bàbá, wọ́n á fi wá ṣẹ̀sín."

"Kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín. Òkú kì í dúró de ìtìjú."

Mo pe Désiré. Ó tú irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó ki ọwọ́ bọ inú. Nígbà tó yọ ọ́, ó pupa dé ọrùn-ọwọ́. Òun tó ń fi gbogbo nǹkan rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín.

"Bienvenu, kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Bẹ́líìtì ló ń yọ̀. Epo wa ni."

Mo fi ìka kan bẹ́líìtì náà, ìka mi yọ̀ lórí rẹ̀.

"Tèmi náà wà níbẹ̀," ló wí.

Mo lọ bu eérú. Bàbá Barnabé di ọwọ́ mi mú.

"Kí lo fẹ́ nù? Oúnjẹ Ògún, lẹ́nu Ògún?"

Désiré ní, "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ gbé àgbélébùú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú?"

"Ọjọ́ Àìkú ni ti Jésù. Abẹ ò mọ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ yìí á ki ọwọ́ síbẹ̀, abẹ á gé e, ẹ ó wá máa pè mí."

Ẹ̀rù bà mí. Mo wo oòrùn.

"Bó bá gé e, Bàbá, ó gé e náà nìyẹn." Mo já ọwọ́ mi gbà. Ó lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó kẹ̀yìn sí wa.

A bọ́ bẹ́líìtì. A fi eérú pa á, a fi lẹ́búlẹ́bú igi pa á, a nù ún, a tún pa á. A nu gbogbo ibi tó ń gbà kọjá. A dá a padà. Mo tan án. Abẹ ké, kò dúró. Pákó wọlé ní ṣákaṣàka, ó jáde ní dídán.

Ìyá mi sáré wá láti ìdí iná, ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Kò bàjẹ́, Ìyá."

"Kò bàjẹ́ kẹ̀?"

"Epo ló ń dá a dúró."

Ó wo ẹ̀rọ náà títí. "Èmi ni mò ń bu epo náà fún bàbá rẹ," ló wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo fẹ́ pa ẹ̀rọ. Désiré mi orí, ó fi ẹnu júwe oòrùn. Mo ti pákó kejì wọlé.

Pósí parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá Barnabé wá fi ọwọ́ pa ìdérí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ mi, ó ń fi ojú ka ìka ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn èèyàn ṣe ń kọjá lára pósí, wọ́n ń fọwọ́ kàn án.

"Ẹ wo bó ṣe dán. Ọwọ́ Akíndé nìyí."

Mo bá wọn fọwọ́ kàn án.