Ẹtu Tó Sín ní Lokogoma

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Durumi, kí Lokogoma tó di ilé àti géètì, igbó ibẹ̀ ni bàbá mi, káfíńtà ọmọ Ṣakí, ti máa ń ṣọdẹ láàárọ̀ Sátidé. Kì í sáré lé ẹran. Ṣe ni yóò lúgọ, yóò fi ọwọ́ di imú, yóò máa ké bí ọmọ ẹtu tó ń wá ìyá rẹ̀. Àwa ọmọ a máa sín in jẹ nílé, títí màmá mi á fi ní kí a yé pe ẹran wá sídìí ẹ̀wà òun.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú mi dání, òfin kan péré ló fún mi: "Ohun yòówù kí o gbọ́, o ò gbọdọ̀ lanu. Bí o bá sọ̀rọ̀, o ò tún bá mi lọ mọ́." Ìjáde yẹn wù mí ju ẹran lọ. A ba sẹ́yìn òkìtì ògán, ó fi ewé bò mí, èèrà ń jẹ mí ní itan, mi ò mira.

Bàbá ké. Ó ṣe díẹ̀, ẹtu dáhùn níwájú. Bàbá tún ké, ẹtu tún dáhùn, ó ń sún mọ́ wa. Koríko mì. Bàbá gbé ìbọn sí èjìká, ọbẹ̀ ti ń ta sánsán sí mi nímú. Ìgbà náà ni ẹtu sín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Kí n tó rántí òfin, ẹnu mi ti là: "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà."

"Yauwa, o ṣé, ọmọ mi," ni ẹtu wí.

Bàbá sọ ìbọn kalẹ̀. Bàbá Ṣeun, aládùúgbò wa, ló dìde nínú koríko, tòun ti ìbọn tirẹ̀ tó ti kọjú sí òkìtì wa. Òun náà ń pe ẹtu tirẹ̀ bọ̀.

"Kai," ni Bàbá Ṣeun wí, "àṣé ìwọ ni mo fẹ́ fi jẹ iyán."

Bàbá ò bá mi wí. Ó kàn di ọwọ́ mi mú pinpin títí a fi délé. Ẹ̀fọ́ lásán la jẹ lọ́jọ́ náà, ó sì dùn. Láti ìgbà náà, kò jẹ́ lọ sóko ọdẹ láìmú mi dání.

Lónìí, Lokogoma náà ni mò ń gbé. Kò sí ògán, kò sí ẹtu. Àwọn ọmọ mi wá mọ lílúgọ ju ọdẹ lọ: mo lè pè wọ́n láti pálọ̀ títí ohùn mi á fi há, ẹnìkan ò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá sín, n ó gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: "Ẹ pẹ̀lẹ́, mọ́mì." Mo ti kọ́ wọn nìyẹn kí wọ́n tó mọ ABD. Bí bàbá mi bá wà ńtòsí, tó ti darúgbó báyìí, á rẹ́rìn-ín, á sì tún di ọwọ́ mi mú.